Àrìnjìnnà Ní Í Rí Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́: Ìmọ̀ràn fún Oníṣẹ́ Ọnà Tó Ń Lọ Wo Eré-Ìje Inú Aṣálẹ̀

Àrìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún ń gbé. Oníṣẹ́ ọnà tó gbéra láti lọ wo eré-ìje ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀ sábà máa ń rò pé ibi ìje gan-an ni iṣẹ́ òun wà. Ọkọ̀ tó bá ń sáré níbẹ̀ kì í pẹ́ lójú ẹni. Kí a tó ṣẹ́jú, eruku ló kù. Ohun tí yóò di àwòrán tàbí orin ti lè kọjá lára rẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé ilé ló fi í sílẹ̀ sí.

Èyí tó lókìkí jù nínú irú ìje bẹ́ẹ̀, ìje Dakar, ọmọ ìṣìnà ni. Thierry Sabine, ará Faransé, ń gun alùpùpù nínú ìje Abidjan sí Nice nígbà tó sọnù sínú Sàhárà. Wọ́n rí i, ó délé, iyanrìn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978, ìje tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ gbéra ní Paris; ó parí sí Dakar ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ewu pọ̀ ní Mauritania, wọ́n fagi lé ti 2008, wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2009, ó sì di ti Saudi Arabia ní 2020. Ọ̀nà Dakar àtijọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ìje mìíràn, Africa Eco Race.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Oníṣẹ́ ọnà tó ń gbé Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ ní Èkó kò nílò físà kó tó kọ́ ìwòye. Kí ó dúró nídìí afárá Oṣòdì ní kùtù, láìra nǹkan kan, láìwọ ọkọ̀ kankan. Kọ́ńdọ̀ tó ń pe “Ìlasà, Cele, Mile 2” kì í mí láàárín orúkọ. Agbèrò ń lu ara dánfó, ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá sì ń gbé ohùn ga ju gbogbo wọn lọ. (Kí ó di àpò rẹ̀ mú o, Oṣòdì kì í ṣe ibi tí à ń dijú gbọ́ orin.) Ohun tó bá gbọ́, kí ó gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ìjọba Èkó tú ọjà ojú ọ̀nà Oṣòdì ká ní oṣù Kìíní 2009, ohùn ọjà náà bá a lọ. Ibùdókọ̀ alájà tí wọ́n ṣí ní 2019 ní ohùn tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn.

Emeka Ogboh, oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́, ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ní 2008, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Fayoum, ìlú Íjíbítì tí aṣálẹ̀ yí ká, níbi tí Harald Scherz, ará Austria, ti ń kọ́ni. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohùn lásán lè di iṣẹ́ ọnà. Kì í ṣe Íjíbítì ló wá fi ìmọ̀ náà ṣe. Gáréèjì, ọjà àti igbe kọ́ńdọ̀ Èkó ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà sílẹ̀. Àwo orin tó gbé jáde ní 2022, Ojúẹlẹ́gba ló dá lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ṣeé ṣe kí ariwo máa hàn kedere sí ẹni tó bá ti gbé ibi tó dákẹ́ rí.

Àwọn ayafọ́tò Invisible Borders, tí Emeka Okereke ń darí, gba ọ̀nà mìíràn. Láti Èkó ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ sí Bamako ní 2009, wọ́n lọ sí Dakar ní 2010, Addis Ababa ní 2011. Òótọ́ ni pé ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà ń dúró dè wọ́n ní Bamako àti Dakar, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìmúra, ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni ìṣáájú. Ọmọ Nàìjíríà lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà ní orílẹ̀-èdè ECOWAS, ṣùgbọ́n Mali, Niger àti Burkina Faso ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kìíní 2025, Mauritania sì ti ṣáájú wọn jáde tipẹ́. Kí oníṣẹ́ ọnà wádìí kó tó sanwó ọkọ̀. Eruku ọyẹ́ tó ń bo fèrèsé Ìsọlọ̀ nínú oṣù Kejìlá, láti aṣálẹ̀ ló ti ń wá. Ẹni tó bá mọ bó ṣe kúnná tó yóò fi ọ̀rá we kámẹ́rà rẹ̀, kò sì ní tú ojú rẹ̀ ní gbangba. Kí ó má ya aṣọ́bodè. Àlejò lójú, kò fi ríran: kí ó wá onílùú tí yóò sọ fún un ẹni tí à ń kí kí a tó yà á, àti ibi tí a kì í gbé kámẹ́rà sókè rárá.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Oṣòdì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú iyanrìn, kí ó má tíì pa ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó má sì tíì wọ dánfó. Kí ó dúró síbi tó ti dúró kó tó rìnrìn àjò, kí ó gba ohùn sílẹ̀ ní wákàtí yẹn, kí etí rẹ̀ tó tún mọ́ ọn lára.