Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Owó Wíwo Bọ́ọ̀lù Lórí Tẹlifíṣàn



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò, a ń rí i pé àwọn kan ń gba ẹ̀yáwó pàjáwìrì kí wọ́n lè san owó dikódà, kí bọ́ọ̀lù òpin ọ̀sẹ̀ má baà fò wọ́n. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé ẹgbẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

1. Bí owó náà ṣe gòkè

Ẹ jẹ́ ká fi DStv ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ ọ́n. Ní April 2022, N9,000 ni ẹni tó ń lo ìsọ̀rí Compact ń san lóṣù. Ní May 2023 ó di N10,500; ní November ọdún kan náà, N12,500; ní May 2024, N15,700; ní March 2025, N19,000. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni owó náà gòkè láàárín oṣù 22. Ìsọ̀rí Premium gbéra láti N21,000 dé N44,500 ní àsìkò kan náà. Ẹ rántí pé N70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní July 2024. Premium oṣù kan ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn ní orí fóònù ni àwọn yóò ti máa wò ó. Ìyẹn náà kò bọ́. Owó ìwòran wà lọ́tọ̀, owó détà wà lọ́tọ̀. Ní January 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ohun tó tó 50 nínú 100 kún owó wọn.

2. Ta ló ń dá iye?

Náírà tó já wálẹ̀ láti June 2023 wà lára ohun tó fà á, nítorí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù òkèèrè hàn. Kí a má purọ́ mọ́ oníṣòwò. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju náírà lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wa wà.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 ló wà nínú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí pápá, ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Nínú ọjà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n ń kó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 ti ọdún kan jọ sínú agbọ̀n kan, wọ́n ń tà á pọ̀, wọ́n sì ń pín owó rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń rí láti ọwọ́ tẹlifíṣàn ilẹ̀ wọn, ìdajì ni wọ́n ń pín ní ọgbọọgba, kí ẹni kékeré náà lè jẹun. Ìyókù ń tẹ̀lé ipò tí ẹgbẹ́ wà àti iye ìgbà tí a fi í hàn. Ní 1992, £304 mílíọ̀nù ni wọ́n ta bọ́ọ̀lù ọdún márùn-ún fún tẹlifíṣàn ilẹ̀ wọn. Ọdún mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, £6.7 bílíọ̀nù ni wọ́n tà á.

Ohun tí àwọn bàbá wa àgbẹ̀ kòkó ṣe kò yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí kálukú ń gbé kòkó tirẹ̀ lọ bá oníṣòwò, oníṣòwò ló ń dá iye. Lẹ́yìn òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti 1935, wọ́n kó kòkó jọ, wọ́n tà á pọ̀, wọ́n sì ní ohùn. Ní ti bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń tà ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Àwa tó ń rà ni a ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3. Ṣé oníṣòwò mìíràn tàbí kóòtù lè gbà wá?

Ní 2007, HiTV gba ẹ̀tọ́ Premier League ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ní dikódà kan tún ra òmíràn. Ní 2010 ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ HiTV. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2007 kan náà, Setanta ra ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46, Sky sì ra 92. Ẹni tó fẹ́ wo gbogbo rẹ̀ sanwó síbi méjì. Bí ẹni méjì bá ń ta gàrí kan náà, owó yóò wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní gàrí, tí èkejì ní ẹ̀wà, ẹni tó fẹ́ jẹ méjèèjì yóò sanwó fún méjèèjì.

Kóòtù ńkọ́? Ní April 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà pàṣẹ pé kí MultiChoice tó ni DStv má tíì fi kún owó. Owó gòkè ní May. Ní June, ìgbìmọ̀ náà ní kí ó san N150 mílíọ̀nù, kí ó sì fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ní May 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà kò ní agbára láti bá oníṣòwò dá iye ọjà rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ olùrà fúnra rẹ̀ ni agbára olùrà wà.

4. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

(a) Ẹ má ṣe yá owó ẹgbẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Owó tí a yá gbọ́dọ̀ bí owó, tàbí kí ó wo aláìsàn, tàbí kí ó kọ́ ọmọ. Ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ fún un.

(b) Ẹ ka oṣù. Premier League ń bẹ̀rẹ̀ ní August, ó sì ń parí ní May. Ní iye ti March 2025, Compact oṣù 12 jẹ́ N228,000. Oṣù 10 jẹ́ N190,000. N38,000 ló kù sí ọwọ́ ẹni tó bá dá a dúró ní June àti July.

(d) Káàdì ilé wà fún ilé. Kí ẹgbẹ́ má ṣe gbé e sí gbọ̀ngàn kí ó máa gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀tọ́ ìwòran gbogbo ènìyàn wà lọ́tọ̀, ó sì ní owó tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó gba iye rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún un, kí ó pín in fún àwọn tó fẹ́ nìkan, kí ìpàdé gbogbogbòò sì fọwọ́ sí i.

(e) Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan bá dá owó rẹ̀ dúró, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 500 tó ń san Compact bá dá a dúró lóṣù kan náà, N9.5 mílíọ̀nù ni. Bí wọ́n bá kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa, wọn yóò kà á. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ìbéèrè fún ìpàdé

i. Èló ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ń san lóṣù fún wíwo bọ́ọ̀lù? Ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀.
ii. Ẹ̀yáwó mélòó ló bá irú nǹkan báyìí lọ lọ́dún tó kọjá?
iii. Ṣé a lè fohùn ṣọ̀kan láti dá owó dúró ní oṣù tí kò sí bọ́ọ̀lù?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ìpàdé. A ó béèrè rẹ̀ nígbà àbẹ̀wò wa.