Ẹ̀kọ́ Wa: Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "Strive"

Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 26:17–25, Lúùkù 13:22–30, Fílípì 1:27 àti 4:2–3, 2 Tímótíù 2:22–26.

  

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nínú kílàásì Bíbélì wa ní Ìpáò, àwọn ìyá a máa ka Bíbélì Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa ka ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ka Bíbélì King James ti 1611 yóò rí i ní Lúùkù 13:24 pé Jésù pàṣẹ fún wa láti "strive" kí a lè gba ẹnu-ọ̀nà tóóró wọlé. Bí ó bá ṣí 2 Tímótíù 2:24, yóò rí i pé ìránṣẹ́ Olúwa kò gbọdọ̀ "strive". Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa rí èyí, ó sì béèrè pé, "Mà, èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì? Ṣé Bíbélì ń ta ko ara rẹ̀ ni?"

Ìbéèrè tó dára ni. Bíbélì kò ta ko ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ló ní ìtumọ̀ méjì, ìtumọ̀ méjèèjì sì kan ọ̀nà tí à ń gbà ṣe ẹgbẹ́.

1. ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni àwọn Òyìnbó ti yá ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni kí a jà, kí a bá ẹlòmíràn du nǹkan. Inú ẹbí kan náà ni "strife" ti wá, èyí tí í ṣe ìjà tàbí asọ̀. Nígbà tó yá, àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í lo "strive" fún ẹni tó ń bá ìṣòro wọ̀yá ìjà, tí kò jẹ́ kí ó borí òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọ̀rọ̀ fún ìsapá. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì ti 1611, ẹrù méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà ń rù: kí a làkàkà, àti kí a jà.

Ní èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun, ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ni ó wà ní ibi méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ti Lúùkù jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn eléré ìdárayá, àwọn tí wọ́n ń fi gbogbo agbára wọn sá eré tàbí ja ìjàkadì kí wọ́n lè gba adé. Ọ̀rọ̀ ti Tímótíù jẹ́ ìjà gan-an. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí, tí gbogbo rẹ̀ pé ní 1884, kò sí ìdàrúdàpọ̀ kankan. "Làkàkà" ni wọ́n lò ní Lúùkù, "jà" ni wọ́n lò ní Tímótíù. Bíbélì NIV tó jáde ní 1978 náà ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì má ṣe fojú kéré Bíbélì ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

2. ÌLÒ RẸ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé àti bírò.

(a) Bí a ṣe ń lò ó fún àsìkò: "strive" ni ti òní, "strove" ni ti àná, "striven" ni èyí tó ń tẹ̀lé "has" tàbí "have". Bí "drive, drove, driven" ni ó ṣe rí. Ẹ ó rí "strived" pẹ̀lú, kódà ó wà ní Róòmù 15:20 nínú Bíbélì ti 1611. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò mú ọ̀kan, kí ó má ṣe dà wọ́n pọ̀.

(b) "Strive to" ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn rẹ̀. "We strive to help the widows." À ń sapá láti ran àwọn opó lọ́wọ́.

(d) "Strive for" ń fẹ́ ohun tí à ń wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn Èkìtì wa ṣe àpẹẹrẹ. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips wà nínú àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin àwọn ológun títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886. A lè sọ pé, "They strove for peace." Wọ́n làkàkà kí àlàáfíà lè wà.

(e) "Strive against" ń tọ́ka sí ohun tí à ń dojú kọ. "The Èkìtì Parapọ̀ strove against Ìbàdàn." Bẹ́ẹ̀ náà ni a lè lò ó fún ẹ̀ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Hébérù 12:4.

(ẹ) "Strive with" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìyá kan lè fẹ́ sọ pé òun àti ọkọ òun jọ ń sapá láti tọ́ ọmọ, kí ó wá kọ ọ́ pé, "I am striving with my husband." Ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì Bíbélì yóò rò pé ìjà ń bẹ nínú ilé náà! Kí ó kọ ọ́ báyìí: "My husband and I are striving to train our children."

3. ÀWỌN ỌRẸ́ RẸ̀

"Try" kò lágbára tó "strive". Ẹni tó dán nǹkan wò lẹ́ẹ̀kan ti "try", ṣùgbọ́n ẹni tó "strive" kò tètè jáwọ́. Ẹ sì kíyè sí èyí: láàrin wa, bí a bá wí fún ènìyàn pé "You have tried," ìyìn ni, nítorí "Ẹ gbìyànjú" Yorùbá ni ó wà lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n bí Òyìnbó bá gbọ́ "She tried," ó lè rò pé ọwọ́ ẹni náà kò tẹ ohun tó ń wá. Bí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tó ń wá iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ pé "She did very well."

Ní ti "gbìyànjú" fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tú u wò. "Gbà" àti "ìyànjú" ni. Ìyànjú yìí kan náà ni a ń fún ara wa nígbà tí a bá gba ara wa níyànjú. Inú ìjà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú gbígba ìyànjú ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Bí arábìnrin kan kò bá gbìyànjú mọ́ nínú ẹgbẹ́, kí a tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé, ta ni ó fún un ní ìyànjú kẹ́yìn?

4. KÀǸGA ÍSÁÁKÌ

Jẹ́nẹ́sísì 26 fi ìtumọ̀ méjèèjì hàn wá nínú ìtàn kan. Àwọn ìránṣẹ́ Ísáákì gbẹ́ kàǹga, wọ́n rí omi. Àwọn darandaran Gérárì ní tiwọn ni. Ìjà àwọn wọ̀nyí ni Bíbélì ti 1611 pè ní "strive". Ísáákì pe kàǹga náà ní Ésékì, ó fi í sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ òmíràn, ìjà tún dé, ó pè é ní Sítínà. Ó ṣí kúrò níbẹ̀, ó tún gbẹ́ ẹ̀kẹta. Wọn kò jà sí ìyẹn, ó sì pè é ní Réhóbótì, nítorí Olúwa ti fún wọn ní àyè.

Ẹni tó bá ti wá omi kiri rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé kàǹga kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ísáákì fi ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọkọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti bínú kúrò níbi ìjà, iṣẹ́ náà ni a ń fi sílẹ̀ pẹ̀lú. A ó ní, "N kò wá sí ìpàdé mọ́, n kò dá owó mọ́." Ti Ísáákì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí pa opó lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá gba oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó tọ́ kí ó sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, àní níwájú adájọ́, kí ẹgbẹ́ sì dúró tì í. Ìyẹn ni "strive for justice". Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ̀ fún Tímótíù ni asọ̀ aláìnídìí àti ẹnu kíkan. Pẹ̀lẹ́tù ni ó ní kí a fi tọ́ alátakò sọ́nà.

5. OBÌNRIN MÉJÌ NÍ FÍLÍPÌ

Ní Fílípì 1:27, Pọ́ọ̀lù fẹ́ kí ìjọ jọ máa làkàkà pọ̀ pẹ̀lú ọkàn kan. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ kò tún sí níbòmíràn nínú Májẹ̀mú Titun àfi ní orí 4:3, níbi tó ti lò ó fún obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè. Wọ́n ti bá a làkàkà nínú iṣẹ́ ìyìn rere. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí kan náà ni ó ń bẹ̀ ní ẹsẹ kejì pé kí inú wọn ṣọ̀kan. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Akíkanjú ni wọ́n, àárín wọn sì dàrú.

Mo mọ ìjọ kan tí ẹgbẹ́ obìnrin méjì ti jọ kọ́ ilé ìdáná. Àwọn kan ra páànù, àwọn kan ra sìmẹ́ńtì, wọ́n sì fi orí ru yanrìn. Nígbà tí ilé parí, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ sí ara ògiri. Orúkọ ẹgbẹ́ wo ni yóò ṣáájú? Ọ̀rọ̀ yìí di asọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò fẹ́ yọ ọ́. Ìkórè ọdún méjì kọjá, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń dáná fún àlejò. Ìsapá wọn kò kéré, ṣùgbọ́n "strive" ti di "strife" mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí ni ìdánwò yìí máa ń wà. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í jà nítorí orúkọ ara ògiri. Ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe. Kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Orúkọ méjèèjì ni ó dá, ó bẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí ẹlòmíràn nínú ìjọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó wà láàrin kò gbọdọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

6. AGBÁRA TA NI?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé làkàkà wa ni yóò ra ìgbàlà fún wa. John Wesley, bàbá wa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwàásù kan jáde ní 1785 lórí Fílípì 2:12–13. Ó fi yé wa níbẹ̀ pé Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú wa, nítorí náà ó ṣeé ṣe fún wa láti ṣiṣẹ́, ó sì di dandan kí a ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ pé agbára Ọlọ́run ni òun fi ń sapá kò ní bá arábìnrin rẹ̀ du ògo.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin "strive for" àti "strive with"? Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan.
2. Kí ni Ísáákì fi sílẹ̀, kí ni kò sì fi sílẹ̀?
3. Ǹjẹ́ iṣẹ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti dúró nítorí asọ̀? Ta ni yóò kọ́kọ́ lọ sọ̀rọ̀ àlàáfíà?
4. Ẹ dárúkọ arábìnrin kan tí a kò rí mọ́ ní ìpàdé. Ìgbà wo ni a ó lọ fún un ní ìyànjú?

ÀDÚRÀ

Olúwa, fún wa ní agbára láti làkàkà títí a ó fi wọ ẹnu-ọ̀nà tóóró náà. Mú ìjà kúrò nínú ìsapá wa. Fún wa ní Réhóbótì tiwa, níbi tí àyè yóò ti gba gbogbo wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.