Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àká Kan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sínú àká kan ṣoṣo. Bí iná bá jó àká náà, kí ni yóò gbìn?

Hard disk ni àká kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ìṣirò owó, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti àwòrán ìdílé wà. Ó lè bàjẹ́. Olè sì lè gbé e lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Kọ̀ǹpútà wa kú lójijì, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́ta sì bá a lọ. Láti ilé dé ilé ni a tún ti lọ kọ wọ́n.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà ń ṣe fíìmù Toy Story 2. Ẹnì kan ṣèèṣì pa púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà rẹ́. Wọ́n sáré lọ wo ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́. Ẹ̀dà náà kò dára! Òṣìṣẹ́bìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ tuntun ló ní ẹ̀dà nílé. Òun ló yọ wọ́n. Fíìmù náà jáde ní 1999.

Báyìí ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ ra hard disk kékeré tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà.

2. Ẹ máa ṣe àdàkọ ìwé yín sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

3. Bó bá parí, ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó tú u sílẹ̀, kí ẹ tó fà á yọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, kí fáírọ́ọ̀sì má baà ba méjèèjì jẹ́.

4. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn sí ibòmíràn: nínú fláàṣì lọ́wọ́ ọmọ yín ní ìlú mìíràn, tàbí ní Google Drive lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

5. Lóṣooṣù, ẹ ṣí ìwé kan nínú ẹ̀dà náà wò. Ẹ̀dà tí kò ṣeé ṣí, asán ni.

Ẹ rántí: ẹ̀dà mẹ́ta, pẹ̀lú ti inú kọ̀ǹpútà, oríṣi àká méjì, ọ̀kan ní ibòmíràn.

Ìbéèrè

1. Kí ló yọ àwọn tó ń ṣe fíìmù náà?
2. Kí ló dé tí a kì í fi hard disk kejì sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà?
3. Ìwé wo ni ẹ kò gbọdọ̀ pàdánù? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí.