Ìtò-Ìdánimọ̀: Èdè-Ìperí Kan nínú Ìmọ̀ DNA Kòkòrò Àìfojúrí

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ègé DNA tí a fi ń dá kòkòrò àìfojúrí kan mọ̀ yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀lé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbuwọ́lùwé ni yóò pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni í mọ̀ọ́mọ̀ buwọ́ lùwé. Ilà ojú ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Òun náà kò bá a mu délẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ìbí ni a máa ń kọ ilà. Oríkì orílẹ̀ ni ó súnmọ́ ọn jù, àfi pé ẹnu wa kọ̀ ọ́ láti máa ki kòkòrò afàìsàn.

Kí a tó yan ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni a fi ń kọ DNA sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn ni a ó máa pè ní ìtò. Ìtò kan kò tíì tó fi dá kòkòrò mọ̀ àfi bí ó bá wà lára gbogbo ẹ̀yà kòkòrò náà, tí kò sì sí lára ìbátan rẹ̀ kankan. Apá kejì yìí ni ó le.

Ojú lásán kò lè ṣe é. Nǹkan bí 5,200,000 lẹ́tà ni ó wà nínú krómósómù Bacillus anthracis, kòkòrò tí ń fa àrùn ántíráàsì. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni í gé irú ìtò bẹ́ẹ̀ sí ègé kéékèèké, tí í ṣa èyí tí gbogbo ẹ̀yà náà jọ ní, tí í sì yọ èyí tí ó tún wà lára ìbátan kúrò. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni a óò tún fi ètò BLAST, tí ó ti wà láti 1990, yẹ̀ wò nínú àkójọ ìtò tí àwọn onímọ̀ ti kó jọ.

Ìbátan Bacillus anthracis tí ó ń da iṣẹ́ yìí rú ni Bacillus cereus, tí í máa ń ba ìrẹsì sísè jẹ́. Jíìnì 16S, onílẹ́tà bí 1,500, tí Carl Woese fi la ọ̀nà tuntun ní 1977, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lára àwọn méjèèjì. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe gbójú lé pílásímíìdì méjì, pXO1 àti pXO2, tí ó gbé agbára ìpani kòkòrò náà. Ní 2004, ìròyìn jáde pé ántíráàsì pa àwọn ìnàkí nínú igbó Taï ní ilẹ̀ Ivory Coast. Nígbà tí a yẹ kòkòrò náà wò fínnífínní, ó ní pílásímíìdì méjèèjì, síbẹ̀ krómósómù rẹ̀ fara jọ ti Bacillus cereus jù. Aṣọ tí a lè yá wọ̀ ni a ti ń pè ní awọ ara! Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó yí padà nínú jíìnì plcR, lórí krómósómù, ni ó ya Bacillus anthracis sọ́tọ̀; kò sí lára kòkòrò igbó Taï.

Nítorí èyí, àmì nìkan kò tó, nítorí pé ohunkóhun tí a bá rí lára kòkòrò lè jẹ́ àmì. Ìtò-ìdánimọ̀ ni a dábàá, kí a sì pe èyí tí ìbátan jọ ní ní ìtò-àjọní. A rọ olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé nígbàkígbà tí wọ́n bá lo ìtò-ìdánimọ̀, kí wọ́n dárúkọ ìbátan tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti pílásímíìdì, a fi í sílẹ̀ bí a ti yá a.