Ejò Nínú Ilé Tí Ọmọdé Wà

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ohun náà ni ejò. Kò sí àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Ìgbòho, tí kò tíì pàdé ejò rí. A ń pàdé rẹ̀ nídìí ebè iṣu, nínú koríko gbígbẹ, lábẹ́ igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ wò lónìí yàtọ̀. Ìbéèrè náà nìyí: Ǹjẹ́ ó yẹ kí á fi ejò ṣe ohun ọ̀sìn nínú ilé tí ọmọdé wà?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí á tó dáhùn.

1. Ejò tí kò ní oró

Kì í ṣe gbogbo ejò ló ní oró. Ẹ wo mọ́námọ́ná. Ó nípọn, orí rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì tó ní àwọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Kì í sábà gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Kò ní oró rárá. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká tí a fi ń ru igi, yóò sì fi orí pamọ́ sí àárín. Eku ni oúnjẹ rẹ̀, àní eku tí ń jẹ àgbàdo wa nínú àká. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni.

Ní ìlú Ouidah, létí òkun ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó bá wa pààlà, ilé òrìṣà kan wà tí ó kún fún mọ́námọ́ná. (Dahomey ni à ń pe orílẹ̀-èdè náà títí di ọdún 1975.) Dangbe ni wọ́n ń pe òrìṣà náà. Ilé òrìṣà yìí àti ilé ìjọsìn ńlá ti ìjọ Àgùdà dojú kọ ara wọn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn ejò náà jáde lọ wá oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá wọ ilé ẹnìkan, onílé kò ní pa á. Yóò rọra gbé e padà sí ibi tó ti wá.

Àwọn òyìnbó pẹ̀lú fẹ́ràn ejò yìí. Láti Benin, Togo àti Ghana ni wọ́n ti ń kó ọmọ rẹ̀ lọ tà ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì, wọ́n ń fi eku bọ́ ọ. Ó sì máa ń pẹ́ láyé. Ní ọdún 2020, ọ̀kan yé ẹyin 7 nínú ọgbà ẹranko ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1961 ni wọ́n ti mú ejò náà wá sí ọgbà yẹn!

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ejò kan wà tí ènìyàn lè bá gbé kò purọ́. Kí ló wá burú níbẹ̀?

2. Ohun tí ìyá kan sọ

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọdẹ kan ní Ṣakí mú mọ́námọ́ná kékeré wálé, ó fi í sínú agbọ̀n. Àwọn ọmọ ń gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ wá bá a.

“Baba wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ejò yìí kúrò nílé.”

“Ìyá wọn, kí ló dé? Ejò yìí ò ní oró. Kò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ.”

“Ẹ̀yin mọ̀ pé kò ní oró, torí pé ọdẹ ni yín. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n? Bó bá rí òmíràn lẹ́yìn ilé lọ́la, ta ni yóò sọ fún un pé èyí kì í ṣe tiyín?”

Ọdẹ dákẹ́. Kò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa na ọwọ́ sí ejò nínú ilé, yóò na ọwọ́ sí ejò nínú koríko. Ọwọ́ ọmọdé kò mọ olóró yàtọ̀ sí aláìlóró.

3. Àwọn tí ọmọ lè pàdé lẹ́yìn ilé

Ìkínní ni paramọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìṣe rẹ̀: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Òun náà nípọn bíi mọ́námọ́ná, òun náà ní àmì lára. Kì í sá bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn. Ńṣe ni yóò dúró síbẹ̀, yóò máa mí fùù.

Ìkejì kéré sí i. Kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òru ló máa ń rìn. Bí inú bá ń bí i, yóò máa fi ara ha ara, yóò sì máa dún bí epo tí a fi ń dín àkàrà. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ejò kékeré yìí ló ń pa ènìyàn jù. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Ẹni tó bá bù jẹ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu àti nímú. Àwọn àgbà kò ṣàdédé wí pé: kékeré ejò, ẹ má fojú ọmọ wò ó.

Ìkẹta ni ejò dúdú tí í na ọrùn sókè, tí í tu oró sí ènìyàn lójú láti òkèèrè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Àwọn tó sọ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ nù, tàbí tí wọ́n di aláàbọ̀ ara, pọ̀ ju ìyẹn lọ. Àgbẹ̀ àti ọmọdé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa ló ń jìyà rẹ̀ jù.

4. Ejò ilé pàápàá ní ewu tirẹ̀

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi yóò kọ́ ọmọ mi dáadáa.” Ó dára. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣì kù.

Àkọ́kọ́ ni àìsàn. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà lára ejò, alángbá àti ìjàpá. Kì í pa ejò lára, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ẹnu ọmọ, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn onímọ̀ ìlera ìjọba kìlọ̀ pé kí ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà má ṣe sin irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ejò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Ìkejì ni pé ejò ń dàgbà. Òjòlá kékeré tó wà nínú agbọ̀n lónìí lè gùn ju mítà 4 lọ bó bá dàgbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ohun ìbànújẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Campbellton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ọkùnrin kan ń sin òjòlá nínú ilé rẹ̀. Irú òjòlá ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni. Àwọn ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wá sùn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6, èkejì ọmọ ọdún 4. Lóru, òjòlá náà jáde kúrò nínú àgọ́ rẹ̀, ó gba ihò atẹ́gùn kọjá, ó sì pa àwọn ọmọ méjèèjì lójú oorun. Òjòlá kò ní oró. Agbára ara rẹ̀ ló fi ń pa ẹran.

5. Ìdáhùn wa

Ìdáhùn wa nìyí: Ilé tí ọmọdé wà kì í ṣe ilé ejò. Ẹ jẹ́ kí mọ́námọ́ná gbé inú igbó, kí ọmọ gbé inú ilé. Bí ẹ bá pàdé mọ́námọ́ná lóko, ẹ má pa á, ẹ jẹ́ kó máa bá yín pa eku. Ẹ má sì mú un kọjá ààlà lọ tà láìgbàwé àṣẹ. Òfin àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, kò gba bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́ ọmọ yín ní nǹkan mẹ́rin: Bó bá rí ejò, kó dúró. Kó má fọwọ́ kàn án. Kó rọra fi ẹ̀yìn rìn. Kó pe àgbà.

Ẹ tún ilé yín ṣe pẹ̀lú. Ẹ ro ẹ̀yìnkùlé. Ẹ bo oúnjẹ, torí ibi tí eku wà ni ejò ń wá. Ẹ má tẹ́ ẹní ọmọ sílẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kó sùn sórí ibùsùn, nínú àpò ẹ̀fọn tí ẹ ti ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Bí ẹ bá ń jáde lóru, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ bàtà.

6. Bí ejò bá bu ọmọ jẹ

Ẹ má gé ojú ibẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ má fi okùn dì í pinpin, torí pé ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lè kú. Ẹ má lo àkókò láti máa lé ejò kiri.

Ẹ bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kúrò kí ó tó wú. Ẹ dá ọmọ dúró, kó má rìn. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà, ẹ fi aṣọ dè é, ṣùgbọ́n kí ó má le, kí ó kàn má lè mì ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí kò bá sí mọ́tò, ẹ gbé e sáàárín ẹ̀yin àti ọlọ́kadà. Bí oró bá ta sí i lójú, ẹ fi omi púpọ̀ tó mọ́ ṣan ojú náà, kí ẹ sì gbé e lọ bákan náà.

A kò bu ewé àwọn baba wa kù. Ṣùgbọ́n oró ejò kì í dúró de àgbo. Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ló lè ṣẹ́gun rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe abẹ́rẹ́ náà? Wọ́n máa ń fi oró ejò díẹ̀díẹ̀ gún ẹṣin, títí ara ẹṣin yóò fi mọ bí a ti í bá oró jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ṣe oògùn. Ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, wọ́n ń ṣe èyí tó bá oró àwọn ejò Nàìjíríà mu. Ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn kan wà tó lókìkí fún ìtọ́jú yìí.

Bí dókítà bá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín sínú ìgò kékeré, tó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má bínú pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà yóò dì. Bí kò bá dì, oró ti wọ ara, ó sì yẹ kí wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà.

Ìbéèrè

1. Kí ni mọ́námọ́ná ń jẹ? Kí ló fi jẹ́ ọ̀rẹ́ àgbẹ̀?
2. Kí ni ìyá àwọn ọmọ sọ tí ọdẹ kò fi rí èsì?
3. Báwo ni ejò kékeré tí í rìn lóru ṣe máa ń dún?
4. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ fi okùn di ẹsẹ̀ tí ejò bù jẹ pinpin?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò. Bí wọn kò bá ní, ẹ béèrè ibi tó wà. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù wọn sórí ìwé gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé, kò ní sí àyè láti máa wá ẹni tí yóò bá yín kà á. Ẹ̀yin fúnra yín yóò kà á.