Ṣé Tòkunbọ̀ Lè Ti Ìbàdàn Bọ̀?

Ìpolówó ọkọ̀ kan lórí rédíò ló fa ìbéèrè yìí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń polówó ń lọgun: “Golf GTI tòkunbọ̀, fúùlù ọ́pṣọ̀n, ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń lò ó n'Ìbàdàn!” Òkun wo ló wà n'Ìbàdàn, ẹ̀yin èèyàn mi? Ògùnpa, bó ti wù kó kún tó, odò ni.

Ká fi òkun sílẹ̀. Inú bọ̀ ni ẹjọ́ wà. Ẹni tó jáde nílé lọ sóko tó sì padà dé, ó ti oko bọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tó gbéra l'Ékòó láti wá kí wa, ó ti Èkó wá ni. Ìgbà tó bá délé ara rẹ̀ ni àwọn ará ilé rẹ̀ tó lè ní ó ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀. Bọ̀ mọ ilé, wá kò mọ̀ ọ́n. (Ẹ má sì fi “àlejò ń bọ̀” dá mi lóhùn. Ìyẹn ń sọ ti ẹni tó ṣì wà lọ́nà. Kò kàn án bóyá ilé rẹ̀ ló forí lé tàbí ilé onílé.)

Báwo wá ni ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n, tí kò fojú kan Ìjẹ̀bú rí, ṣe ń jẹ́ Tòkunbọ̀? Àwọn òbí rẹ̀ ló lọ. Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀: adé àti ọlá ilé náà ló sọdá òkun, àwọn náà ló sì padà dé, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Bọ̀ yìí kan náà ló wà nínú Ìyábọ̀. Ọmọ tuntun jòjòló tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, a ní ó padà wálé, kò sì sẹ́ni tó bá wa jiyàn. Orúkọ náà tún ti padà sọdá òkun ná: Giannis Antetokounmpo, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bí sí Athens lọ́dún 1994, Adétòkunbọ̀ gan-an ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Lẹ́tà àwọn ará Gíríìsì ló gbà kọjá tó fi wọ ẹ̀wù tí a kò fi tètè dá a mọ̀.

Ọkọ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tí náírà ń já wálẹ̀, tíà-rọ́bà bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Àlòkù láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì wá ń wọlé, púpọ̀ nínú wọn gba Kùtọnu. Golf tí wọ́n ṣe ní Wolfsburg kò dé ilẹ̀ wa rí, kò sì bá ẹnikẹ́ni kúrò níbí. Tòkunwá ló yẹ kó máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fowó ra tòkunwá? Ọlọ́jà gbọ́n jù wá lọ: bọ̀ sọ irin onírin di ọmọ bíbí inú ẹni. Mo ti gbà fún wọn tipẹ́. Fìríìjì ti di tòkunbọ̀, tẹlifíṣọ̀n ti di tòkunbọ̀, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ mọ́. Àmọ́ kí tòkunbọ̀ tún máa ti Ìbàdàn bọ̀, n kò gbà.

“Fúùlù ọ́pṣọ̀n” tó lẹ̀ mọ́ ọn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sọ ohunkóhun. GTI gan-an kò sọ púpọ̀: èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, agbára ẹṣin 110 ló ní. Nígbà tí Golf 4 dé lọ́dún 1997, wọ́n lẹ lẹ́tà mẹ́ta yẹn mọ́ èyí tó ní tọ́bò tó sì ń lo ẹṣin 150. Ní Bìrìtìkó, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ onílítà méjì tí ẹṣin rẹ̀ kò ju 115 lọ, bẹ́ẹ̀ ó wúwo ju ti 1976 lọ dáadáa. Lẹ́tà kan náà, ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó lẹ́tà.

Ẹni tó ní ìyàwó, ọmọ àti ìyá ìyàwó, kí ló fẹ́ fi GTI onílẹ̀kùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe? Ẹ̀yìn àga iwájú ni ìyá yóò máa rá pálá gbà wọlé. Táyà rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò sì fẹ́ràn kòtò ojú ọ̀nà wa. Golf 4 Comfortline tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo fara mọ́. Bọ́ọ̀tù kan náà ni àwọn méjèèjì ní, lítà 330, àga ẹ̀yìn wọn sì ń wó lulẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀.

Ẹ̀yin alágbàtà, àlòkù kì í ṣe èébú. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò n'Ìbàdàn, ẹ pè é ní àlòkù, a óò rà á. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹni tó bá sì ní tòkunbọ̀ lòun ń tà, ẹ ní kó kó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù jáde, kẹ́ ẹ wo ọdún tó wọlé.