Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Obìnrin Oǹdó Tó Gbé Ìsọ̀ Rẹ̀ Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí obìnrin kan tí òwò rẹ̀ jìnnà sí ti àwa tí à ń ta gàrí, ata, aṣọ àti ẹja gbígbẹ. Fíìmù ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá tú u wò dáadáa, òwò ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń tà wà, ẹni tó ń rà wà, ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé ọwọ́ oníbàárà náà wà. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, torí ó ń yí padà lójú wa báyìí.

TA NI OBÌNRIN NÁÀ?

Mosúnmọ́lá ni orúkọ rẹ̀, Mo Abudu ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ Oǹdó ni, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n ó gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà ní Oǹdó nígbà tó wà ní kékeré, kó tó padà sí Ìlú Ọba. Nígbà tó wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, níbi tó ti di ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2000, ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wá òṣìṣẹ́.

Ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n tó pè ní Moments with Mo. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà náà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣe bọ̀. Ó ń pe ènìyàn jókòó, ó ń fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ní oṣù keje ọdún 2013, ó ṣí ilé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, EbonyLife TV, lórí DStv. Lẹ́yìn náà ló kan fíìmù. Fifty jáde ní ọdún 2015, lórí àwọn obìnrin mẹ́rin tí ọjọ́ orí ti ń wọ àádọ́ta. The Wedding Party tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, owó tó pa ní ilé sinimá sì lé ní 400 mílíọ̀nù náírà.

Òun nìkan kọ́ ló dá The Wedding Party ṣe o. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ló da owó àti ọgbọ́n pọ̀. Àwa tí à ń dá àjọ, tí à ń dá èésú, a mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

ỌJÀ TÓ WÀ LÓRÍ FÓÒNÙ

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí òwò fíìmù ti ń bọ̀. Ní ọdún 1992, Kenneth Nnebue, oníṣòwò bíi tiwa tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Èkó, gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ó ti ń ṣe fíìmù Yorùbá ṣáájú ìyẹn. Gbogbo ọjà ni wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Kò pẹ́, síìdì dé, ó gbalẹ̀. Síìdì náà tún kógbá wọlé, fóònù gbapò rẹ̀. Àwọn onísọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tó tètè fura ti yà sí òwò mìíràn. Èyí tí kò fura, ẹrù kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn òyìnbó náà rí i bẹ́ẹ̀. Netflix tí ẹ ń gbọ́ yìí, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1997. Inú àpò lẹ́tà ni wọ́n ń fi fíìmù sí, ilé ìfìwéránṣẹ́ á gbé e lọ fún oníbàárà. Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dé Nàìjíríà ní ọdún 2016. Oníbàárà á san owó lóṣooṣù, á máa wo ohun tó bá wù ú.

Ní ọdún 2020, Mo Abudu bá Netflix tọwọ́ bọ̀wé. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé Òlòtūré síbẹ̀, fíìmù tó tú àṣírí àwọn tó ń tan ọmọbìnrin lọ ṣe aṣẹ́wó ní Yúróòpù. Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin nílé, ó yẹ kó gbọ́ ìtàn yẹn. Ní ọdún 2022, Ẹlẹ́ṣin Ọba jáde, èyí tí wọ́n mú látinú eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, Ìyálọ́jà sì wà lára àwọn tó jẹ́ òpó rẹ̀. Ìyá ọjà ti dé ojú gbogbo ayé nìyẹn!

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta fíìmù. Èkíní dà bí ìgbà tí èèyàn bá ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pátápátá: owó ńlá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Èkejì dà bí ìgbà tó bá fi háyà fún ọdún díẹ̀: owó lè má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọdún bá pé, ṣọ́ọ̀bù padà sọ́wọ́ onílé. Inú ìwé àdéhùn ni èyí máa ń hàn sí. Ẹni tí kò kà á, tí kò sì wá ẹni bá a kà á, kò ní mọ èyí tó tà.

Oníbàárà ńlá náà lè lọ nígbàkigbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Amazon kéde pé àwọn ò ní máa fi owó ṣe fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́. Ẹni tó gbọ́kàn lé wọn nìkan, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mo Abudu ti dá ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó pè ní EbonyLife ON. Bí èèyàn bá ń kó ọjà fún alájàpá ńlá, kó má ṣe pa ìsọ̀ tirẹ̀ tì.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Àwa ò sọ pé kí gbogbo wa di Mo Abudu. Ó kàwé, ó ní owó, ó mọ ènìyàn. Owó dátà ń jẹ wá níyà, iná kì í sì í dúró. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa ti wà lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá á jókòó sí yàrá rẹ̀, á béèrè aṣọ láti Èkó, wọ́n á gbé e wá bá a. Ìyẹn ni owó tó yẹ kó wọ ọjà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tó ń gba orí wa kọjá.

Nítorí náà, àwọn ohun tí agbára wa ká nìyí:

1. Kí a jẹ́ kí ọmọ wa ya àwòrán ọjà wa, kó gbé e sórí WhatsApp pẹ̀lú iye tí à ń tà á. Ohun tó wà nínú àwòrán náà ni ká fún oníbàárà.

2. Tí wọ́n bá ní àwọn ti fi owó ránṣẹ́, ẹ má wo àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan. Ẹ wò ó nínú àkáǹtì kí ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀, torí àwọn gbájúẹ̀ ń ṣe alẹ́ẹ̀tì ayédèrú.

3. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹ bá fẹ́ fi gbogbo owó ta á lọ́rẹ.

4. Kí ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó ń ta irú ọjà kan náà pawọ́ pọ̀ san owó ọkọ̀ tó ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà.

5. Àdéhùn tó bá ní owó ńlá nínú, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Ọjà wo nínú tiwa ló lè ti Ìkàrẹ́ dé ìlú mìíràn láìbàjẹ́? Ta ni nínú àwọn ọmọ wa tó lè kọ́ àwọn ìyá tó fẹ́ mọ̀ nípa fóònù? Tí oníbàárà wa tó tóbi jù bá lọ lọ́la, kí ni a ó gbára lé?

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jíròrò rẹ̀, kí wọ́n mú èsì wá. Ẹni tí kò lè kàwé, kí ẹni tó jókòó tì í kà á sí i létí. Ọjà á tà o, a ò ní rí ìjà ọjà. Àṣẹ.